Ìyá Afetísílẹ̀ Ní Kí N Má Tọrọ Owó

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi, ọkọ mi,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìjókòó, kí ìjókòó náà tù ọ́ lára, bó bá sì bá ọ lórí ìdúró, kí ẹsẹ̀ má ro ọ́. Ṣé àlàáfíà ni? Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Oorun ńkọ́? Mo béèrè oorun nítorí pé ìlà mẹ́jọ péré ni ìwé tí o kọ kẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mejì ni o sì kọ ọ́ níbẹ̀ pé o kì í rí oorun sùn. Ọlọ́run tí kì í tòògbé yóò bá ọ ṣọ́ iṣẹ́ náà, kí ìwọ lè rí ojú pa dé díẹ̀. Àwa náà wà níhìn-ín, a dúpẹ́, ohun tó ń ṣe wá kò tó ohun tí a ń fi pariwo.

Àbúrò rẹ ti ga jù mí lọ. Òun ló ń bá mi kọ èyí, ojú rẹ̀ sì fà ro bí aṣọ tí wọn kò lọ̀, bẹ́ẹ̀ n kò ṣe é ní nǹkan kan. Bẹ́líìtì maṣíìnì mi já lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo so ó, ó tún já, mo tún so ó, báyìí tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́, ṣe ló ń wúkọ́ bí arúgbó. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta léraléra, òrùlé sì ń jò, òkè ibùsùn mi gan-an ló ń jò sí. N kò sọ ọ́ kí o lè ṣe nǹkan kan sí i o, mo kàn ní òjò rọ̀ ni. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ń bọ̀ níwájú.

Àwọn búlọ́ọ̀gù mẹ́rin tí o ń sìn ńkọ́? O kọ ọ́ pé bí èèyàn kò bá bọ́ wọn lójoojúmọ́, wọn a kú, ọkàn mi kò sì balẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ewúrẹ́ méjì péré ni bàbá rẹ sìn nígbà ayé rẹ̀, a kò gbádùn. Mẹ́rin wá nínú yàrá kan ṣoṣo, ṣé onílé kò bínú? Mo bi dókítà ẹran léèrè bóyá koríko ni búlọ́ọ̀gù ń jẹ, ó ní òun kò tíì tọ́jú irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ẹran tó bá ń jẹun lójoojúmọ́ tí kò sanra, kòkòrò ló wà nínú rẹ̀, kí o wá oògùn kòkòrò fún wọn. O ní ọ̀kan wà fún bọ́ọ̀lù, ọ̀kan fún títún ilé ṣe, ìwọ tí o kan ìṣó mọ́ àtàǹpàkò ara rẹ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré, ẹ̀kẹrin o kò sọ ohun tó wà fún. O tún ń bá èèyàn kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, o ń tẹ orúkọ sára ife, o ń ta lọ́fíńdà. Ọmọ mi, ọwọ́ méjì péré ni mo bí mọ́ ọ. O ní ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ló sì ń tẹ̀ lé ọ. N kò mọ ohun tí o fi ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n máa gba ọ̀nà mìíràn darí sílé.

(Bùọ̀dá mi, èmi ni o. Mo ti ṣàlàyé fún wọn pé ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni búlọ́ọ̀gù, títí ẹnu mi fi bó. Wọ́n ní kí n kọ ohun tí àwọn sọ. Mo ń kọ ọ́. Orí ń fọ́ mi. Mo ní nǹkan tí èmi náà fẹ́ sọ fún yín, ó dìgbà tí wọ́n bá jáde.)

Ohun tó mú mi jókòó ti ìwé yìí rèé. Láti ìgbà tí o ti fi fóònù ránṣẹ́, àbúrò rẹ máa ń ka ohun inú rẹ̀ sí mi létí nígbà tí mo bá ń ṣẹ́ etí aṣọ. A wá rí obìnrin kan níbẹ̀, Ìyá Afetísílẹ̀ ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa dá àwọn òbí lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ọmọ wọn. Ọmọ méje ló bí, ọkọ rẹ̀ ti kú, síbẹ̀ kì í jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní èmi náà yóò bi í.

Kí a tó lè fi ìbéèrè náà ránṣẹ́, fọ́ọ̀mù kan yọ jáde, ó ní kí a kọ́kọ́ fi hàn pé a kì í ṣe ẹ̀rọ. Ó dùn mí díẹ̀. Mo ní kí àbúrò rẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ kan wà lọ́dọ̀ wa lóòótọ́, ti ìránṣọ, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń béèrè ọ̀rọ̀, èmi ni. Ó ní kò sí àyè tí a lè kọ ọ́ sí. Wọ́n tún fi àwòrán mẹ́sàn-án hàn wá, wọ́n ní kí a tọ́ka sí èyí tí kẹ̀kẹ́ wà nínú rẹ̀. Ó yé mi. Obìnrin náà fẹ́ mọ̀ bóyá a jẹ́ ẹni tó ń fara balẹ̀ wo nǹkan, kó má baà fi ìmọ̀ràn ṣòfò. A kùnà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta mo wọ ìgò ojú mi, a yege.

Ohun tí mo bi í kò pọ̀. Mo ní mo ba ìwé ọmọ mi jẹ́, ó lọ, kò wálé mọ́ láti ọdún mẹ́ta, kí ni kí n ṣe? N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ojú ń tì mí, n kò tiẹ̀ fẹ́ kó mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe.

Ọjọ́ kẹrin ló dáhùn. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ sùn. Ó ní ọmọ tó lọ kò túmọ̀ sí ọmọ tó kórìíra, pé ọmọ mìíràn kì í wálé nítorí pé kò tíì di ohun tó torí rẹ̀ kúrò nílé, ojú ló ń tì í. Ó ní kí n kọ̀wé sí ọ, ṣùgbọ́n kí n má tọrọ owó, nítorí ọmọ tó bá ń bá owó pàdé nínú gbogbo ìwé ìyá rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù àpò ìwé. Ìdí rèé tí n kò fi tọrọ owó òrùlé. Ó ní kí n má fi ọmọ ẹlòmíràn ṣe àpẹẹrẹ fún ọ. Ìdí rèé tí n kò fi sọ̀rọ̀ ọmọ káfíńtà tó kọ́ ilé alájà méjì, n kò sì ní sọ ọ́. Ó ní kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe. Ó wá ní bí a bá tilẹ̀ ti fi ìwé gé apá ẹ̀wù, ọwọ́ tó kọ ọ́ kò gé. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún, aṣọ oníbàárà wà lórí itan mi, mo ní láti tún un lọ̀.

Ó dáa, mo ń fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Wọ́n gbé ogójì aṣọ ilé ìwé fún mi, n kò sì ní bébà tí mo fi ń gé àwòṣe. Mo rí ìwé nínú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ìwé ló jọra lójú mi, o mọ̀. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú ewé mọ́ ojú ewé, mo gé apá, mo gé ọrùn, mo gé ẹ̀yìn. O ti ìdánwò dé, o dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú báàgì rẹ, o mú apá kan lórí tábìlì, o kà á, o dá a padà síbi tó wà. O ní ọdún mẹ́fà ni o fi kọ ọ́. Mo ní bébà ni bébà, kí o kọ òmíràn, ṣé òun ni o máa jẹ ni. Gígé rẹ̀, àìmọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́yìn rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n kí n tó sọ ọ́. Mo rí ojú rẹ, mo sì sọ ọ́ parí. Òun ni n kò lè tú kúrò lára aṣọ láti ọjọ́ náà.

Jọ̀ọ́, ìwọ náà wà nílùú ńlá, inú fóònù náà ni ìwọ náà sì ti ń kọ̀wé. Bá mi wá Ìyá Afetísílẹ̀ rí. Dọ̀bálẹ̀ fún un. Sọ fún un pé mo sùn. Bó bá ní ọmọbìnrin tó ti tó ilé ọkọ, fi ọgbọ́n béèrè, ọmọ tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá tọ́ kò lè burú. Kí o sì kọ́ sùúrù lára rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí n kò lè bá ìwọ ọmọ mi sọ, mo lè bá a sọ.

Bùọ̀dá mi, Màmá ti bọ́ síta. Oníbàárà kan wá wọ aṣọ rẹ̀ wò, sípù kò pa dé, ó ní Màmá ló rán an kéré, Màmá ní òun ló sanra. Wọ́n á pẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni Ìyá Afetísílẹ̀. Inú ń bí mi sí yín. Èmi ni mo tẹ ìbéèrè yẹn, mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Kò sí aránṣọ níbẹ̀. Kò sí apá ẹ̀wù níbẹ̀. Ta ló wá sọ fún ìyá ọlọ́mọ méje pé apá ẹ̀wù ni wọ́n fi ìwé gé? Ẹ mọ̀ pé Màmá ni. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì jókòó síbẹ̀, ẹ ń dá wọn lóhùn bí ẹni tí kò bá wọn pàdé rí. Mo ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀ ìwà mi.

Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni mo fi ń bínú? Èmi ni mo kó àwọn ìwé yẹn jáde. Màmá bi mí, wọ́n ní ṣé Bùọ̀dá rẹ kò ní lò wọ́n mọ́? Mo ní iṣẹ́ ilé ìwé àtijọ́ ni, pé ẹ ti ní kí n jó wọn. Irọ́ ni mo pa. Mo ti kà wọ́n kó tó dìgbà yẹn. Ọmọbìnrin kan wà nínú ìtàn yín, ilé aránṣọ ló ń gbé, ojú rẹ̀ máa ń le, gbogbo èèyàn máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé èmi ni. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Mo fẹ́ kí ọmọ inú ìtàn yẹn kú. Ọjọ́ tí Màmá ń gé e, èmi ni mo di ìkángun bébà mú fún wọn kó má baà yẹ̀.

Àwọn àwòṣe yẹn ṣì wà lórí ìṣó. Mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ báyìí, èmi ni mo ń gé aṣọ, mo sì ń kà wọ́n lójoojúmọ́. Lára apá òsì, ọmọbìnrin náà na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni síṣọ́ọ̀sì ti gba kọjá. Mi ò mọ ohun tí ẹ ṣe fún un lẹ́yìn ìyẹn. Bóyá ẹ ṣe é dáadáa. Ọdún mẹ́ta ni Màmá ti ń ru ẹ̀ṣẹ̀ mi, mo sì ń wò wọ́n.

Wọ́n ti ń bọ̀. Màmá kì í jẹ́ kí n pa ìwé dé láìkà á sí wọn létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo lè fo ibí yìí. Wọn kò ní mọ̀.

Mi ò fò ó.

Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi òwú sójú abẹ́rẹ́, wọ́n yọ ọ́, wọ́n tún fi í sí i. Wọ́n ní kí n tún ibi Ìyá Afetísílẹ̀ kà, mo tún un kà. Mo ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sílẹ̀ de ìgbájú. Wọ́n ní ṣé ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà lóòótọ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ọmọ ọdún méjìlá kọ́ ló sọ pé bébà ni bébà. Wọ́n ní kí n má ya ojú ewé yẹn, kí n fa àga mi sún mọ́ tòsí, kí n máa kọ.

Ọmọ mi, nígbà tí mo rò pé obìnrin kan ni, mo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sùn. Nísinsìnyí tó jẹ́ ìwọ, n kò mọ èyí tí n óò gbà. Ṣé Ìyá Afetísílẹ̀ ló dárí jì mí ni, àbí ìwọ? O ní ọmọ mìíràn kì í wálé nítorí ojú ń tì í. Ọmọ ta ni o ń sọ? Kí ni o fẹ́ dà tí n kò ní mọ̀ ọ́ mọ́? Bó bá jẹ́ pé o ń bọ́ búlọ́ọ̀gù mẹ́rin tí ìwọ fúnra rẹ kò sì jẹun, wá sọ ọ́ fún mi.

Ìmọ̀ràn pé kí n má tọrọ owó, mo dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ẹni tó yẹ kó fowó ránṣẹ́ kọ́ ló yẹ kó dá ẹjọ́ náà. Òrùlé ń jò. Páànù mẹ́ta ni mo fẹ́, àti ìṣó, àti bẹ́líìtì maṣíìnì kan. Má gba báńkì fi ránṣẹ́. Ìgbà tí mo lọ, wọ́n ní kí n lọ mú nọ́ńbà mi kí n jókòó, mo jókòó di ọ̀sán, ẹnikẹ́ni kò wá bi mí ohun tí mo bá wá. Gbé e wá fúnra rẹ. Bí kò bá sí owó, gbé ara rẹ wá, òjò kì í jò síhà ibi tí o máa ń sùn. Àbúrò rẹ ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá ọ sọ lójúkojú, èmi náà ní.

Ọwọ́ tí o fi ń kọ̀wé kò ní gbẹ. Iṣẹ́ rẹ kò ní jẹ ọ́ tán kó tó bọ́ ọ. Kí Ọlọ́run fún Ìyá Afetísílẹ̀ ní ọmọ méje tó ń parọ́ pé òun bí, kó kọ́kọ́ fẹ́yàwó ná, kí ọ̀kankan nínú àwọn méjèèje má sì ṣe bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ìbòjú.

Èmi ni ìyá rẹ.