Irọ́ tí mo pa mọ́ sólà ti lé ìyàwó oníyàwó kúrò nílé ọkọ

Irọ́ ni mo pa, ẹ̀yin ará pèèjì yìí. Ẹ bá mi bo orúkọ mi, Ìgbó-Ọrà ni mò ń gbé, wọ́n mọ̀ mí dáadáa. Kọ́ńpìnnì kan fẹ́ to páńẹ́lì sólà sórí ilẹ̀ tí àwa obìnrin ti ń gbin ẹ̀gẹ́ lọ́nà Ìdèrè... àwọn àgbà ẹbí tó ni ilẹ̀ ti fọwọ́ sí i, wọn ò bi àwa tá à ń dáko níbẹ̀. Ní mítìn tí wọ́n pè lórí ọ̀rọ̀ náà, mo sọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ títí, àwọn ọkùnrin ń tẹ fóònù. Inú bí mi... ni mo bá pariwo pé ooru sólà máa ń ba ilé ọmọ jẹ́, pé tí wọ́n bá gbé e dé, àwọn obìnrin wa ò ní bí ìbejì mọ́. Háà! Gbogbo wọn gbé fóònù sílẹ̀. Nílùú tiwa yìí, tí ẹ ò lè wọ agboolé kan kẹ́ ẹ má bá Táíwò àti Kẹ́hìndé! Kílẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé Ayété. A lọ dí ọ̀nà, kọ́ńpìnnì dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n ń pè mí ní akọni obìnrin... èmi náà ń jẹ́ ẹ.

Àṣé Rúkà, ìyàwó Wàsíù ládùúgbò mi, tó ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ sólà, wà nínú oyún. Oyún yẹn wálẹ̀. Skáànù sì ti ní ìbejì ni. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé ó máa ń ṣẹlẹ̀, wọn ò gbọ́ tiẹ̀, tèmi ni wọ́n gbọ́! Ìyá ọkọ Rúkà ní ooru ti wọ̀ ọ́ lára, kò lè bímọ mọ́. Wọ́n dá a padà sílé wọn ní Tápà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, mò ń wò ó bó ṣe ń gbé báàgì sórí ọ̀kadà... mo bá yí padà wọlé.

Lánàá, ìyá Rúkà wá bá mi. Mo rò pé ìjà ló bá wá. Ó kúnlẹ̀, obìnrin tó jù mí lọ! Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ìyá mi, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa ooru yìí, kí ni mo lè fún ọmọ mi mu tó máa fi jáde?" Òótọ́ dé ètè mi... mo gbé e mì. Mo ní kó máa fún un lómi tútù láràárọ̀. Ó ṣàdúrà fún mi kó tó lọ.

Wọ́n ti ń bá Wàsíù wá ìyàwó mìíràn. Tí mo bá jẹ́wọ́, kọ́ńpìnnì á ní irọ́ ni gbogbo ẹjọ́ wa, wọ́n á gba oko lọ́wọ́ gbogbo wa, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni wọ́n rẹ́ wa jẹ. Tí mi ò bá jẹ́wọ́ ńkọ́? Ṣé kí n lọ bá Wàsíù nìkan ni? Àbí níwájú gbogbo ìlú? Kí lẹnu mi á kọ́kọ́ sọ? Ẹ bú mi tẹ́ ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ ohun tí mo máa ṣe...