Ẹja Tó Ń Dá Gbé

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Ọ̀wàrà

Àwọn ẹja ti lọ sí Jámánì lánàá. Ọ̀ọ́dúnrún mbuna aláwọ̀ búlúù, ẹja kékeré inú òkúta adágún wa, a dì wọ́n sínú ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan ló kù — lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, òyìnbó kì í ra alábùkù. Mo gbé e sínú àpótí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ àga mi, òun nìkan. Baálé ni mo sọ ọ́.

Ẹlẹ́nu wọlé, omi adágún ṣì ń kán lára rẹ̀. (Jailosi ni mo ń pè bẹ́ẹ̀ nínú ìwé yìí: àbúrò Enelesi ìyàwó mi. Òun ló ń mòòkùn lọ sísàlẹ̀ kó ẹja wá fún wa.) "Bàbá Tadala, ṣé ẹ fẹ́ pa ẹja yìí ni? Ẹja kì í dá gbé o. Irú rẹ̀ ló ń fẹ́." Mo ní ta ló bi í. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń bọ́ ẹja. Òun kàn ń lé wọn wọ àwọ̀n ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn — bíi kí n fi agolo oúnjẹ ẹja là á lórí.

Bó ṣe ń jáde, ó ní kí n má gbàgbé ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ọjọ́ tí ẹbí máa tú mi sílẹ̀. Bí ẹni pé èèyàn lè gbàgbé. Oṣù mẹ́rin péré ni Enelesi ti lò nínú ilẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8

Baálé kò jẹun. Mi ò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 11

Èmi ni mo kọ́ ilé yìí, bíríkì lórí bíríkì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹbí Enelesi ni. Èmi ni mo wá bá a níbẹ̀, bí ọkọ ti ń ṣe níhìn-ín. Ìyàwó kú, wọ́n á tú ọkọ sílẹ̀, á di ẹrù rẹ̀, á padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Bó bá fẹ́ dúró, alárenà rẹ̀, ẹni tó ṣojú ẹbí rẹ̀ nígbà ìgbéyàwó, ló máa bá a bẹ̀bẹ̀. Ọkọ fúnra rẹ̀ kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níwájú àna.

Mi ò fẹ́ lọ. Sàréè rẹ̀ nìyí. Tadala ọmọ mi nìyí. Ẹja mi nìyí.

Alárenà dà? Ìwà òmùgọ̀ tèmi. Nígbà tí mo fẹ́ gbéyàwó, èmi àti Yotamu ẹ̀gbọ́n mi ti jà lórí ọkọ̀ ojú omi tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Nkhata Bay, ìlú wa. Mi ò lè ránṣẹ́ sílé. Mo ra fìlà fún Sositeni tó ń ta àwọ̀n, mo ní kó wá jókòó bí ẹbí mi. Ó jókòó dáadáa, ó tiẹ̀ sunkún. Ó kú lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Irọ́ mi bá a wọ kòtò, ó fi mí sílẹ̀ láìlẹ́nu.

Ọjọ́ Àìkú, 13

Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì yà síbi iṣẹ́. Ẹlẹ́nu ti ju akọ mìíràn sínú àpótí Baálé! Aláwọ̀ kan náà, ẹyọ kan. Òkú akọ tuntun yẹn ló léfòó, ojú méjèèjì ti lọ.

Mo bú u níwájú àwọn obìnrin tó ń fọ àpótí. Ọ̀dẹ̀ tó ń wẹ̀ bí ẹja, tí kò gbọ́n tó ẹja! Mo ní akọ méjì nínú ilé kan, ogun ni. Bó o bá máa bá a wá ẹnìkejì, wá ogún, kí ìyà pín kárí, kó má di pé ẹnì kan ló ń jẹ gbogbo rẹ̀.

Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Àṣé ẹ mọ̀ pé irú rẹ̀ ló ń fẹ́, ẹ kàn ń bá mi jiyàn ni." Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ẹyin lohùn, tèmi ti fọ́.

Baálé jẹun lónìí, ìgbà àkọ́kọ́. Èmi náà jẹ nsima, ọkà àgbàdo wa, àwo méjì. Ìjà ń múni jẹun.

Ọjọ́rú, 16

Tadala ní àbúrò ìyá òun ń pe Nkhata Bay lórí fóònù. Ẹlẹ́nu ti wá Yotamu rí! Ó ní kó wá fún ọjọ́ ìtúsílẹ̀. Ṣé bó ṣe ń kánjú láti rí ẹ̀yìn mi tó nìyí? Mo ní kí Tadala sọ fún un pé Ọlọ́run ń wò ó. Ó ní kí n lọ sọ ọ́ fúnra mi, òun kì í ṣe rédíò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19

Baálé tún ti kọ oúnjẹ. Ó rí òjìji ara rẹ̀ nínú gíláàsì, ó ń bù ú jẹ láti àárọ̀, imú rẹ̀ ti bó. Mo fi páálí bo gíláàsì. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn òkúta.

Lọ́sàn-án, Ẹlẹ́nu gbé dúrọ́ọ̀mù kan wọlé, ó gbé e kalẹ̀. Ẹja méjìdínlógún, takọtabo, aláwọ̀ kan náà. Mo dà wọ́n sínú kòtò omi símẹ́ńtì ńlá, mo to òkúta, mo gbé Baálé sí i. Wọ́n lé e. Ó lé wọn. Kò sẹ́ni tó kú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti ń bá wọn jẹun.

Ẹlẹ́nu jàre. Kí n sọ ọ́ sí i létí? Kàkà bẹ́ẹ̀, kí n jẹ òkúta.

Ọjọ́bọ̀, 24

Yotamu dé. Eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀, ó wá jọ bàbá wa. Ó kí mi ní èdè wa. Mo ní láti wá ìdáhùn, ó ti pẹ́ tí mo sọ ọ́ kẹ́yìn. Kò dárúkọ ọkọ̀ ojú omi. Òun ló máa jẹ́ ẹnu mi, mo kọ́ ọ lọ́rọ̀ tó máa sọ: Waisoni fẹ́ dúró sílé rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mo kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, "Mo ti gbọ́."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26

Abẹ́ igi máńgòrò. Baba Kamfosi, ẹ̀gbọ́n ìyá Enelesi, ló ni àṣẹ. Ó ní, "Ta ló máa gbẹnu sọ fún ọkọ yìí?"

Yotamu dìde, ó ṣí fìlà. "Àbúrò mi ni. Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ tú u sílẹ̀. Mo wá mú un lọ sílé ni."

Mo fò sókè. Mo ní irọ́ ni, mi ò rán an bẹ́ẹ̀. Baba Kamfosi ní, "Jókòó, àna wa. Ẹnu rẹ ti sọ̀rọ̀."

Ẹlẹ́nu ló dìde. Ẹlẹ́nu! Ó ní òun pe ọkùnrin yìí kó wá bẹ̀bẹ̀ kí n lè dúró ni, òun ò pè é kó wá kó mi lọ. "Ojoojúmọ́ la jọ ń jà! Mo mọ ohun tó fẹ́ ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ!" Baba Kamfosi ní, "Jailosi, tiwa ni ọ́. O ò lè jẹ́ ẹnu fún àlejò." Ó jókòó. Kò wo ojú mi. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo máa fi ọwọ́ sí.

Wọ́n tú mi sílẹ̀. Ọkọ̀ ọjọ́ Ajé.

Nígbà tí mo dé ilé, Yotamu ti ń di ẹrù mi. Mo bi í bóyá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi yẹn náà ni. Ó ní ọkọ̀ náà ti pẹ́ tó ti jẹrà. Ó ní ìyàwó òun kú lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ wà ní Jóbọ̀ọ̀gì, kò sẹ́ni tí òun lè kí ní "ẹ káàárọ̀" nínú ilé. "Ìwọ nìkan ló kù tó mọ̀ mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé."

Mo sọ fún un pé olè ni.

Ó ní òun mọ̀, ó sì ń ká ṣòkòtò mi lọ.