Mo Ti Rán Dáṣíbọ́ọ̀dù Bàbá Yín Bí Igbá

Ìlọfà, lọ́jọ́ Ajé

Sí Ọmọ́níyì Àjàní, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnáwó, mo kí ọ kú àfaradà ariwo Èkó. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ iṣu nínú ebè tí ọ̀yà kò fi jẹ ẹ́ tán, òun ni yóò máa ṣọ́ ìwọ àti ìyàwó mi àti Dárasími tó ń múra ilé ọkọ. Bí ẹ ṣe ń jáde ni ẹ ó máa wọlé. Ara mi le. Eyín kan ló fẹ́ máa yọ mí lẹ́nu, mo sì ti sọ fún un pé èmi ni mo ni ẹnu.

Má bínú pé ìwé ni mo kọ, tí n kò pè ọ́ lórí fóònù. Òyìnbó tí o fi ránṣẹ́ pé kó kọ́ wa bí a ṣe ń tún mọ́tò ṣe ṣì wà nínú fóònù náà, n kò sì lè máa sọ ọ̀rọ̀ ilé wa létí àlejò. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ìwé kejì ni mo kà, mo sì fi ilé-ìwé sílẹ̀ nígbà tí mo rí i pé ohun tí tíṣà ti sọ tẹ́lẹ̀ ló tún ń sọ.

Nílé, òjò ti ba ọ̀nà Odò-Ọwá jẹ́ débi pé ọkọ̀ tó bá gba ibẹ̀ dé, à ń kí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ bí ẹni tó ti ogun bọ̀. Iṣu ta dáadáa. Ewúrẹ́ rẹ bí ìbejì, ọ̀kan jọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín, àgàgà tó bá ń jẹun.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ti ọkọ̀ bàbá yín, Pijó aláwọ̀ ewé tó wà lábẹ́ igi máńgòrò. O ní kí Dárasími tó lè gùn ún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, àfi kí dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ tó ti sán bọ̀ sípò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ o máa háyà jíìpù. Jíìpù kẹ̀, Àjàní? Pijó yẹn ni bàbá yín fi gbé mi wọ ìlú yìí lójú tẹbí-tará. Mo sì ti dìde nínú ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo búra pé ohun tí mo gùn ni ọmọ ọmọ mi máa gùn. Keziah, ìyàwó àbúrò bàbá yín, rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi yẹ̀. Ó ní kí ìyálé òun má bínú, adìyẹ nìkan lòun ń rí tó ń wọ mọ́tò yẹn. Ìwọ náà wá wò ó, ṣé mo tún lè padà sẹ́yìn?

Ẹrù tí o fi rán dẹ́rẹ́bà dé, ike méjì àti sáńpépà. Lazarus, mẹkáníìkì tó fẹ́ ọmọ Èrúkù, ló bá mi tẹ fóònù tí òyìnbó náà fi yọjú. Òyìnbó yẹn kò kí mi. Mo ní kò burú, bóyá wọn kò kọ́ ọ nílé. Mo kí i, mo kí ìyá tó bí i, kò dáhùn, iṣẹ́ ló gbájú mọ́. Mo ní kó sinmi kó jẹun, kò gbọ́, àfi ìgbà tí iná fóònù tán ló tó lọ sùn. Nígbà tí a jí i lọ́jọ́ kejì, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò rántí pé òun ti sọ gbogbo rẹ̀ lánàá. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ọmọdé ni lójú, ṣùgbọ́n ó ti ń ṣarán.

Ohun tó ń sọ ni pé kí a tú gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù kúrò, kí a fi sáńpépà ha á, kí a wá po ohun tó wà nínú ike méjì pọ̀, kí a fi dí ojú ibi tó sán. Lazarus ti gbé sípánà rẹ̀ dé. Mo lé e. Mo bi í pé tí iwájú orí ìyá rẹ̀ bá hunjọ, ṣé orí ló máa tú kúrò lọ́rùn? Ohun inú ike méjì náà, mo pò ó, mo fi rẹ́ ìdí ìkòkò mi tó ń jò. Kò jò mọ́, ṣùgbọ́n ó ti lẹ̀ mọ́ ààrò, ẹni kan kò lè gbé e, ibẹ̀ náà la ti ń bu ọbẹ̀ báyìí.

Lójú tèmi, ọyẹ́ ló la dáṣíbọ́ọ̀dù náà, bó ṣe máa ń la gìgísẹ̀ mi. Nítorí náà òrí ni mo kọ́kọ́ fi ń pa á láàárọ̀ àti lálẹ́. Ewúrẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé, ó lá a mọ́ féfé, ó sì jókòó sórí àga dẹ́rẹ́bà, òun àti ìbejì rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ lọ sí Ìlọrin. Mo lé wọn. Mo wá po ìgbẹ́ màlúù mọ́ amọ̀, mo fi rẹ́ ẹ bí ìyá mi ṣe máa ń rẹ́ ilẹ̀ ilé. Ó dán, ó wù mí. Àfi bí oòrùn ṣe mú tó sán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Keziah ń kọjá lọ, ó di imú, ó ní ṣé ìyàwó ni a fẹ́ fi mọ́tò náà gbé ni àbí màlúù. Ọmọ mi, mo fẹ́ sunkún lọ́jọ́ náà, Keziah tó dúró ló jẹ́ kí n gbé e mì.

Mo wọlé lọ bu gàrí mu. Igbá ìyá mi ni mo mú, èyí tó sán kí a tó bí ọ, tí ìyá mi fi okùn ìko rán, tó ṣì ń gba omi dòní olónìí. Mo gbé gàrí sílẹ̀, mo ń wo igbá. Mo ní ohun tó wo igbá sàn, kí ló dé tí kò ní wo mọ́tò sàn?

Mo ki ìlu bọná títí ó fi pọ́n, mo lu ihò sọ́tùn-ún sósì gbogbo ibi tó sán, mo rẹ ìko sómi, mo fi abẹ́rẹ́ tí a fi ń rán àpò gàrí rán an pọ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà títí dé òdìkejì, kò sí ibi tí okùn mi kò dé. Aago tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó náà ti là lójú, mo fi ìko dì í mọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò lè kúrò lójú kan mọ́. Ìyẹn dára. Ọmọge tó ń lọ sílé ọkọ kì í sáré.

Lazarus dé, ó wò ó. Ó ní láti kékeré lòun ti ń tún mọ́tò ṣe, òun kò rí èyí tí wọ́n rán rí. Mo ní ó ṣeun.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹgbẹ́ àwọn ìyá tẹ̀ lé mi wálé wá wò ó. Keziah fi ọwọ́ méjèèjì fa okùn, ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn, kò yẹ̀. Nígbà tí kò rí ibi mú, ó ní iwájú ti dára, kò burú, ṣùgbọ́n kí ló máa gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí kò sí ẹ́ńjìnnì nínú rẹ̀?

Ìwọ náà bi mí bóyá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, Odò-Ọwá ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún tí o wọ sẹ́kọ́ńdírì ni bàbá yín tú u tà fún àwọn tó ń lọ ẹ̀gẹ́, owó rẹ̀ la fi ra bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ ilé-ìwé rẹ. Mo rò pé o mọ̀ ni. Gbogbo gàrí tí mo ń fi ránṣẹ́ sí ọ láti ìgbà yẹn, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bàbá yín ló lọ̀ ọ́.

Ta ló ń ya fọ́tò ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ ìgbéyàwó? Mo ti bá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin akọrin sọ̀rọ̀, wọn á máa tì í, wọn á máa kọrin. Ìsàlẹ̀ sì ni ọ̀nà dà sí láti ilé wa dé ṣọ́ọ̀ṣì. Lazarus ní búrèkì kò sí. Mo ní ṣé ògiri ṣọ́ọ̀ṣì kò sí ni? Keziah ló wá fi ìkanra sọ pé òun á kó àpò háríhá àgbàdo òun ti ògiri náà, kí ọmọ àwọn má baà fara pa. Ó ní ọmọ àwọn. Mo gbọ́ ọ.

Owó tí mo fẹ́ kò pọ̀. Fi oúnjẹ àwọn tó máa ti ọkọ̀ ránṣẹ́, wọn á jẹ kí wọ́n tó tì í, wọn á sì jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Fi owó Lazarus tó máa fẹ́ táyà sí i, àti owó ìko, nítorí àga ẹ̀yìn náà ti ya. Fún òyìnbó yẹn ní nǹkan kó fi lọ sílé. Má fi owó náà sí báńkì, ẹ̀rọ inú ògiri wọn ti gbé káàdì mi mì, mo sì dúró tì í títí kó lè bì í, kò bì. Fi rán dẹ́rẹ́bà.

Má háyà jíìpù o. Tí jíìpù bá yọ ní Ìlọfà lọ́jọ́ náà, inú Pijó ni màá jókòó sí láàárín ọ̀nà, màá ti ilẹ̀kùn, kò sì sí ẹni tó lè wà mí kúrò, nítorí kò sí ẹ́ńjìnnì.

Ọlọ́run á bù sí àpò rẹ. Ohunkóhun tó bá fẹ́ sán nínú ayé rẹ, á bá ọ rán an pọ̀ kí Keziah tó rí i. Ilé Dárasími kò ní là. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rúùtù Ògúnjìnmí, ẹni tó rán mọ́tò.