Ẹ Má Bá Wa Bẹ Òyìnbó Mọ́

Ẹ kú ilé o, Bàámi. Ẹ kú ojú lọ́nà wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti orí kápẹ́ẹ̀tì apartment wa níbí. Mo kí Màámi, mo kí Ìyá Àgbà tí àdúrà wọn kì í jẹ́ ká febi sùn. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ Yorùbá yìí. Bó bá wọ́ níbì kan, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí ẹ máa kà á lọ. Ọmọ tí wọ́n gbé kúrò nílé ní kékeré ló ń rìn bọ̀ wálé. Ìwé ìròyìn ìjọ wa yóò tẹ lẹ́tà náà jáde pẹ̀lú, nítorí kì í ṣe ilé tiwa nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn.

Lẹ́tà yín dé lánàá, àti èyí tí ẹ kọ sí ọ̀gá tó dá ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Kúnlé, dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ ní kí n tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe, kí n fi ránṣẹ́ sí i. Bàámi, mi ò fi ránṣẹ́, mi ò sì ní fi ránṣẹ́. Ẹ má tíì bínú.

Nígbà tí rélùwéè ní kí ẹ máa lọ sinmi, wọ́n ka owó lé yín lọ́wọ́, ẹ fi kan páànù sórí ilé. Ẹ wá rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni níbí. Ẹ ní ṣebí ìlú òfin ni. Ìlú òfin! Òfin wà fún ajá tí kò ní okùn lọ́rùn. Òfin wà fún koríko tó bá ga jù níwájú ilé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́sàn-án ya àwòrán ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga epo, kò sí òfin kankan ní ìpínlẹ̀ Texas níbí tó ní kí wọ́n fún un ní kọ́bọ̀ bí wọ́n bá dá a dúró. Mo wá a títí nínú ilé ìkàwé yunifásítì wa. Ọ̀gá lè lé ènìyàn nígbà tó bá wù ú, yálà ìdí wà tàbí kò sí. Ohun kan ṣoṣo tó lè mú un ni ìlérí tí ilé iṣẹ́ bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Bọ̀dá kọ ọ́. Wọ́n ní ẹni tí iṣẹ́ bá tán mọ́ lọ́wọ́ yóò gba owó ọ̀sẹ̀ méjì fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó lò, ẹni tí wọ́n bá sì lé nítorí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ní gba nǹkan kan. Ìjọba náà ń fún aláìníṣẹ́ lówó díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í fún ẹni tó hùwà burúkú níbi iṣẹ́. Ẹ di ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ yẹn mú, Bàámi. Òun ló pa wá.

Iye tí wọ́n ń ra epo ti já wálẹ̀. Ilé títà ló kún àdúgbò wa, apartment ń bẹ ayálégbé. Ọ̀gá pe Bọ̀dá, ó ní kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ ló tán, pé ẹbí kan náà ṣì ni gbogbo wọn. Ẹbí! Ẹ̀ṣọ́ ló tẹ̀ lé ọmọ ẹbí yìí dé ìdí tábìlì rẹ̀, ó dúró tì í bó ti ń kó rúlà àti fọ́tò Màámi sínú páálí, àfi bí ẹni pé yóò jí pẹ́ńsù gbé.

Ká ní a dákẹ́ ni, owó ì bá ti wọlé. Ìgbà wo la wá dákẹ́ rí? Alàgbà Òjó, àgbà ìjọ wa, ní a kì í lé ọmọ ẹni níṣẹ́ ká má lọ bẹ̀bẹ̀, pé ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú ṣe. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo wa mọ́tò gbé Alàgbà àti Bọ̀dá lọ sílé ọ̀gá náà ní The Woodlands, níbi tí igi ti ń rí ìtọ́jú ju òṣìṣẹ́ lọ. Alàgbà wọ sùtánà funfun, láìwọ bàtà bí òfin ìjọ wa ti wí, lórí kọnkéré tí oòrùn ti yan. Ṣe ni wọ́n ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ẹni ń jó. Bọ̀dá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá fò sẹ́yìn. Ó rò pé Bọ̀dá dákú ni, ó sì kígbe sí ìyàwó rẹ̀ kó gbé omi wá.

Ẹ mọ bí a ti ń bẹ̀bẹ̀. A ó kọ́kọ́ dá tiwa lẹ́bi. Alàgbà ní ọmọdé ni Kúnlé, ó ti ṣẹ̀, kí wọ́n dárí jì í. Ọ̀gá rọra béèrè pé kí ló ṣe. Alàgbà kò fẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ òun ṣófo, ni wọ́n bá ní ó máa ń lágídí díẹ̀, ó sì lè máa pẹ́ dé ibi iṣẹ́, pé ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín ẹni tí ẹran fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú ìkòkò rẹ̀ ni. Ó bọ gbogbo wa lọ́wọ́. Alàgbà kọrin lórí freeway títí a fi délé, wọ́n sì jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi pé Ọlọ́run ti mú ọkàn Fáráò rọ̀.

Kò pẹ́ tí èsì fi dé. Ilé iṣẹ́ sọ fún ìjọba pé agídí àti pípẹ́ dé ni wọ́n tìtorí rẹ̀ lé Bọ̀dá, pé àwọn àgbà tirẹ̀ gan-an ló jẹ́rìí sí i. Owó ilé iṣẹ́ di àwátì, ti ìjọba náà ò sì wá. Mi ò tíì rí ènìyàn tó kéré tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Díkónì wa kan tí iṣẹ́ tirẹ̀ ṣì gbóná ní Clear Lake wá ń sọ pé ká fi í fún Ọlọ́run. Kó fi iṣẹ́ tirẹ̀ fún Ọlọ́run ná.

A ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Lóṣù tó ń bọ̀, Bọ̀dá yóò jókòó síwájú òṣìṣẹ́ ìjọba, yóò sọ pé òun ò ṣẹ̀. Ẹ rò pé ó rọrùn? Nínú kíṣìnì wa, èmi ni mo ń ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Mo bi í bóyá ó ṣẹ̀, ó ní ẹ jọ̀ọ́ sà. Mo jágbe mọ́ ọn, ó tún bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà ló tún jáde. Ó ní ẹnu òun ò mọ ọ̀nà ibẹ̀, pé nílé, bí bọ́ọ̀lù bá fọ́ fèrèsé, ìdọ̀bálẹ̀ la kọ́kọ́ ń ṣe, ká tó wádìí ẹni tó gbá a.

Alàgbà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n wá jókòó sórí àga wa. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti ń báni bẹ̀bẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kí àwọn lọ gba ẹ̀bẹ̀ padà rí. Wọ́n ní àwọn yóò bá wa lọ. Wọ́n ní àwọn yóò tiẹ̀ wọ bàtà.

Bàámi, nínú lẹ́tà tí ẹ kọ sí ọ̀gá náà, ẹ ní láti kékeré ni Kúnlé ti lágídí, pé ẹ̀yin lẹ ò nà án tó. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lẹ fi kọ ọ́. Bó bá dé ọwọ́ ọkùnrin yẹn, ó parí. Mo ti fà á ya. Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀bẹ̀ tó kù nínú lẹ́tà yìí nìyẹn.

Ẹ má kọ òmíràn sí òyìnbó kankan. Bọ̀dá Kúnlé ni kí ẹ kọ̀wé sí, ní Yorùbá. Ẹ kọ ọ́ pé kò ṣẹ̀. Bó ti ń dín dòdò fún wa láìpẹ́ yìí ló sọ fún mi pé òun ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu yín rí. Bó bá ti ọ̀dọ̀ yín gbọ́ ọ, yóò lè sọ ọ́ lójú ẹnikẹ́ni.

Owó tí mo fi sínú èyí kò pọ̀, bàtà tí mo ń tà nínú mall ló mú un wá. Ooru ibí ń pa wá, ilé sì máa ń dákẹ́ jù nírọ̀lẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti ará rélùwéè tó kù. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ojú yín ò ní rí ibi, ẹ ó jẹ iṣẹ́ ọwọ́ wa.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọlákẹ́