Kéèkì Ìgbéyàwó Mi àti Ìgò Tí Ẹ Fi Gèlè Wé

Màámi àtàtà,

Ṣé ẹ rí nǹkan tí ẹ fojú mi rí? Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Gowon Estate lánàá, tí mo ti padà sílé wa ní Baruwa, ẹnu mi ò tíì padé. Mo ti kírun, mo ti jẹun, mo ti gbálẹ̀, síbẹ̀ bí mo bá ti rántí, n ó tún ké háà! Mo jókòó sórí àpótí tí ẹ máa ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, mo ń kọ ìwé yìí sórí itan, mo sì ń wo kọ́bọ́ọ̀dù yín bí ẹni pé àlejò ló dúró síbẹ̀.

Ẹ ò ṣe dáadáa sí mi o, Màámi. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n máa bá yín jà níbi tí ẹ wà yẹn, ṣùgbọ́n ta ni kí n bá jà?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún yín ní ìròyìn ayọ̀ kí ìbínú tó gbé mi lọ. Mo fẹ́ lọ́kọ. Mùídì ni. Mùídì tó máa ń bá wa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, tí ẹ sọ pé ó ń wá sílé wa ju bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń bàjẹ́ lọ. Ẹ rí i pé ẹ ò parọ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti wá tọrọ mi, lẹ́yìn ààwẹ̀ la ó so yìgì ní Igando. Níwọ̀n bí Bàbá ti ṣáájú yín lọ, ẹ̀gbọ́n yín wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, òun ló fi mí fún wọn. Àbúrò yín ló jókòó síbi tó yẹ kí ẹ jókòó. Ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ ìtọrọ yẹn gan-an ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Bàbá Mùídì, tí gbogbo àdúgbò wọn ń pè ní Àfáà nítorí òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní kéwú, nu ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ó sì kọjú sí mi.

"Ìyàwó wa, kéèkì dúdú Àlùhájà ìyá ẹ yẹn, ṣé ìwọ lo máa ṣe é fún wa? Mo jẹ ẹ́ níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Egan. Wàláì, kò tíì kúrò lẹ́nu mi dòní."

Kí n tó la ẹnu, Mùídì ti gba ọ̀rọ̀ náà sọ.

"Òun náà ni, Bàbá! Ẹ má mikàn. Kéèkì tó máa gé, ọwọ́ ẹ̀ ló máa fi ṣe é."

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín ètè. Mo mọ ohun tó wà nínú kéèkì náà. Tàbí kí n sọ pé mo rò pé mo mọ̀.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti mọ ìgò yẹn. Ìgò bùráńdì ni, ó ga, ó nípọn, bébà aláwọ̀ wúrà sì wà lára rẹ̀. Ẹ fi gèlè àtijọ́ wé e, ẹ sì kó fúláwà síwájú rẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí kéèkì dúdú bá ti tutù, ẹ ó ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ẹ ó fi igi súyà gún kéèkì náà káàkiri, ẹ ó wá máa fi ṣíbí ro ohun tó wà nínú ìgò sínú àwọn ihò náà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fún ọmọ lóògùn. Mo yọjú láti ojú fèrèsé lọ́jọ́ kan. Mo rí bébà wúrà, mo rí omi pupa tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, òórùn rẹ̀ sì ta mí nímú. Ọmọ kékeré ni mí, ṣùgbọ́n mo ti lè kàwé, mo sì mọ ohun tó ń jẹ́ bùráńdì. Mo sá kúrò níbẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo jalè.

Ẹ̀yin, Màámi! Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, tí ẹ kì í jẹ́ kí àkókò ìrun kọjá bó ti wù kí kéèkì pọ̀ tó lórí iná. Ẹ ó gé etí kéèkì náà, ẹ ó fi mu tíì, ẹ ó sì pè mí kí n wá mú tèmi. N ó ní mi ò fẹ́. Ẹ rò pé n kò fẹ́ràn ohun dídùn ni. Ẹ tilẹ̀ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn oníbàárà, pé ọmọ aṣekéèkì tí kì í jẹ kéèkì rèé.

Àwọn oníbàárà náà tún dá kún un. Wọn a tọ́ kéèkì wò, wọn a ṣẹ́jú sí yín: "Àlùhájà, ẹ ò mà fọwọ́ kékeré da nǹkan ọ̀hún sí i o!" Ẹ ó kàn máa rẹ́rìn-ín. Ẹ ò ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí lẹ fẹ́ kí n rò?

Nígbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kéèkì funfun nìkan ni mo ń bá èèyàn ṣe, ti ọjọ́ìbí, ti àwọn ọmọ iléèwé. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè dúdú, mo ní ọwọ́ mi ò tíì tó o. Ẹ lọ lásìkò òjò èṣí, ẹ fi ìgò yín sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mi ò lè gbé e jù nù, mi ò sì lè fọwọ́ kàn án.

Ẹ wá wo ibi tí Àfáà há mi sí. Bí mo bá ṣe kéèkì náà bí ẹ ṣe ń ṣe é, ọtí ni n ó fún un jẹ lọ́jọ́ tó ń so yìgì ọmọ rẹ̀. Bí mo bá yọ bùráńdì kúrò, yóò mọ̀ pé kì í ṣe òun, yóò sì bèèrè. Kí ni n ó wí? Pé haràámù ló gbé mì ní Egan? Orúkọ yín ni wọn ó máa bà jẹ́ ní ilé ọkọ mi kí n tó débẹ̀. Bí mo bá sì gbé e fún aṣekéèkì mìíràn, gbogbo Baruwa ni yóò máa bèèrè ohun tó ṣe ọmọ Àlùhájà tó fi ń ra kéèkì ìgbéyàwó. Mo rò ó títí, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi mọ́.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé mo fẹ́ ṣe é. Ẹ ò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kéèkì yẹn nìkan ni ohun tí mo lè gbé síwájú àwọn èèyàn wọ̀nyẹn kí wọ́n rí i pé mo ní ìyá.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ kẹ̀kẹ́ lánàá lọ sọ́dọ̀ Tíṣà, ọ̀rẹ́ yín ará Èkìtì tó máa ń bá yín fi áísìn ṣe òdòdó sórí kéèkì. Èrò mi ni pé kó bá mi ṣe kéèkì funfun kan ṣá, kí n lè sọ fún gbogbo ayé pé òun ló fi ta mí lọ́rẹ. Ó gbọ́ mi tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Kí ló ṣe kéèkì ìyá ẹ? Mo ti ń retí kí o wá ní kí n fi òdòdó sí i."

"Ẹ̀yin náà mọ̀, mà. Ohun tó wà nínú ìgò yẹn ni. Àfáà sì ni bàbá Mùídì."

"Ìgò wo?"

"Ìgò bùráńdì."

Màámi, obìnrin yẹn wò mí láti òkè délẹ̀. Àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi di ìhà mú, tí omi ń dà lójú rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé nǹkan ti ṣe é.

"Yéè! Ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé ṣá? Ìgò ọkọ mi ni! Òun ló mu ohun tó wà nínú ẹ̀ tán. Ìyá ẹ tọrọ ìgò yẹn lọ́wọ́ mi torí pé ó nípọn, omi gbígbóná ò lè là á. Èmi gan-an ni mo fọ̀ ọ́ tọṣẹtọṣẹ. Ìṣápá ló ń dà sínú ẹ̀, jàre! Ìṣápá pupa!"

Mo ní irọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, mo wo ojú àgbàlagbà, mo ní irọ́ ni, mi ò tilẹ̀ mọ ìgbà tó já bọ́ lẹ́nu mi. Kò bínú. Ó fà mí lọ́wọ́ wọ ilé ìdáná rẹ̀, ó sì gbé ìkòkò kaná lójú mi. Ó da ìṣápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe sobo sí i, ó da kànáfùrù sí i, àti ata ilẹ̀, àti èèpo ọsàn gbígbẹ. Ó jó ṣúgà nínú páànù títí tó fi dúdú, tí èéfín rẹ̀ ń mú àwa méjèèjì húkọ́, ó sì dà á lé e lórí. Nígbà tó hó dáadáa, òórùn yẹn jáde. Òórùn ojú fèrèsé ọjọ́ yẹn gan-an, Màámi. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí.

Tíṣà fi ṣíbí bù ú, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó nà án sí mi. Mi ò lanu. Omi ìṣápá lásán, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí!

"Mu ún, ọmọ Àlùhájà. Díákónẹ́ẹ̀sì ni mí, mi ò ní fún ẹ lọ́tí."

Mo mu ún. Ó kan, ó dùn, ó ta díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun.

Èmi! Èmi tí mo dàgbà sí Baruwa, tí mò ń ra ẹ̀pà nínú ìgò ọtí, tí mò ń ra oyin nínú ìgò ọtí, tí a ń rọ epo pupa sínú ìgò ọtí nínú ilé tiwa gan-an. Mi ò bi ẹlẹ́pà rí bóyá ọtí ló ń tà. Tiyín nìkan ni mo ka bébà ara rẹ̀, tí mo sì gbà á gbọ́.

Tíṣà ní ẹ ò fẹ́ kí àwọn aṣekéèkì yòókù mọ̀ pé ìṣápá ni, kí gbogbo Ikotun àti Egbeda má baà máa sè é. Ó ní ẹ tún mọ̀ pé bí àwọn oníbàárà kan bá gbọ́ ìṣápá, wọn ò ní kà á sí nǹkan gidi mọ́. Ìyẹn yé mi. Èmi wá ńkọ́? Ṣé èmi náà wà lára àwọn aṣekéèkì yòókù ni? Ṣé ẹ rò pé mo mọ̀? Ṣé ẹ ń dúró kí n bèèrè ni? Àbí ẹ rí bí mo ṣe ń sá fún kéèkì yín, ó dùn yín, ẹ sì pa á mọ́ra? Ẹ̀gbọ́n yín ò mọ̀, Tíṣà ò mọ̀, mi ò rí ẹni tí mo lè bi mọ́.

Láàárọ̀ yìí mo kó fúláwà kúrò, mo tú gèlè náà. Díẹ̀ ṣẹ́kù ní ìsàlẹ̀ ìgò, ó ti ki. Mo ṣí i, mo gbóòórùn rẹ̀, kànáfùrù ló kọ́kọ́ bọ́ sí mi nímú. Mo gbé e mọ́ àyà, mo sì sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá túfọ̀ yín fún. Ìgboyà ni mi ò ní tẹ́lẹ̀. Ìdérí lásán ni mi ò ṣí láti ọjọ́ yìí.

Mo pe Mùídì, mo rò fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí.

"Ṣé torí ẹ̀ lo ṣe ń fajú ro látọjọ́ yìí? Mo rò pé o ò fẹ́ mi mọ́ ni o! Má jẹ́ kí Bàbá gbọ́, jàre, wáàsí ọjọ́ Jímọ̀ ló máa fi ṣe."

Èmi ni n ó ṣe kéèkì náà, Màámi. Mo ti rẹ èso àjàrà gbígbẹ àti dàbínù sínú èyí tí Tíṣà sè, ó ti gbà láti wá fi òdòdó sí i. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Tíṣà ò mọ bí ata ilẹ̀ yín ṣe máa ń pọ̀ tó, ó ń fojú díwọ̀n rẹ̀ ni, ó sì ṣeé ṣe kó má dùn tó tiyín. Bí Àfáà bá ní kò dùn tó o, n ó gbà, n ó sì máa gbìyànjú títí yóò fi jọ ọ́.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún Mùídì, tí mi ò sì sọ fún Tíṣà. Láti ọjọ́ tí a ti sin yín, lẹ́yìn ìrun gbogbo, mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kó ṣàánú ìyá mi, àmọ́ kó dárí ọ̀rọ̀ ìgò yẹn jì í. Mo ti sunkún lé e lórí. Mo ti gba ààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Nítorí ìṣápá! Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ṣé ẹ ń rẹ́rìn-ín ni, àbí ó ń dùn yín pé ọmọ tí ẹ bí ló ń fẹjọ́ yín sun Ọlọ́run lójoojúmọ́?

Ní àsùbáà òní, mo gbé ọwọ́ sókè bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo ní kí Ọlọ́run ṣàánú ìyá mi. Mo dé ibi àmọ́ yẹn, ahọ́n mi dúró. Mo wá a, mo wá a, mi ò rí nǹkan kan tí mo fẹ́ fi kún un. Mo ṣe àámín, mo fi ọwọ́ pa ojú, mo sì dìde.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tí ìfẹ́ yín kún inú rẹ̀.