Kókó Ìdí Pàṣán

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé pé mi ò ní í fọwọ́ kan awọ mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi náà ni mo kó jẹ lónìí.

Ẹlẹ́ṣin ló fà á — ọkùnrin tó ń kọ́ ẹṣin lẹ́yìn odò, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun tán. Ó gbé pàṣán baba rẹ̀ wá, ó fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun. Ó ní ó ti gbó, ó ti ń ya lára, kí n bá òun ṣe irú rẹ̀ kan péré, kí òun lè gbé èyí kọ́ sára ògiri. Mo ní, “Ẹlẹ́ṣin, wo ọwọ́ mi.” Ọwọ́ ọ̀tún mi ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Ó ní òun rí i. Kò dìde.

Mo tú aṣọ. Iṣẹ́ Bàbá mi ni! Pàṣán tó ṣe kẹ́yìn. Mi ò tíì fojú kàn án látọjọ́ tó ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo gbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Adájọ́ ti gbọ́. (Ọmọ mi obìnrin ni. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Adájọ́, torí kò sí nǹkan tí kì í dájọ́ lé lórí, títí kan iyọ̀ inú ọbẹ̀.) Ó ní, “Mọ́mì, àbí ẹ ti gbàgbé pé ẹ ti fẹ̀yìn tì ni?”

Gbàgbé. Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu nìyẹn láti ìgbà tí mo gbé omi kaná tí ìkòkò fi jóná. Ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó wá bá mi gbé, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i bóyá orí mi ṣì pé. Tí kò bá pé, a ó ti ilé yìí pa, n ó sì máa tẹ̀lé e lọ sí yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, kí n máa wo òrùlé ẹlòmíràn láti ojú fèrèsé. Mi ò fẹ́ lọ. Ilé yìí ni mo ti dàgbà, ibẹ̀ ni mo fẹ́ wà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo gé awọ. Yíká-yíká, bí ẹni ń bó ọsàn, kí okùn má baà já. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì, mo di eyín pọ̀. Kò dọ́gba tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò já. Mo fi ọ̀rá pa á. Òórùn ṣọ́ọ̀bù padà wá — awọ tútù, ọ̀rá, ọṣẹ. Inú mi dùn, kí n má purọ́.

Mo fi pàṣán Bàbá kọ́ ìṣó níwájú mi kí n lè máa wò ó. Ojú mi kò kúrò ní ìdí rẹ̀. Kókó kan wà níbẹ̀, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló fi dì í, ó lọ́ wọnú ara rẹ̀ títí ojú kò fi rí orí rẹ̀, kò rí ìrù rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni oníṣẹ́ ń di í láyé rẹ̀, lórí pàṣán tó bá ṣe kẹ́yìn. Bàbá kọ̀, kò kọ́ mi. “Tó bá tó àkókò, wàá mọ̀ ọ́n.” Ọ̀sẹ̀ tó di kókó tirẹ̀ náà ló kú. Mo jókòó ti ibùsùn rẹ̀, mo ń wo ẹnu rẹ̀, títí ó fi dákẹ́. Kò sọ.

Gbogbo pàṣán tí mo ṣe láyé mi, kókó tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ ni mo fi parí wọn. Ó ń dùn mí dòní.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í hun. Kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí mo dé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó ti kọjá àmì. Bóyá ibòmíràn ni mo sàmì sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ó tún ti gùn sí i.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo wọ awò ojú, mo gbé e síta sínú oòrùn. Ibi tí mo hun — ọ̀tún gun òsì, bí mo ti ń ṣe láti kékeré, ó sì rí wúruwùru. Ìyókù — òsì gun ọ̀tún. Ó fún. Ó jọ̀lọ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tó ń gbọ̀n.

Ọlọ́wọ́ òsì ni Bàbá. Wọ́n máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Á ní, “Ẹ̀yin ẹ máa júwe tiyín. Èmi ń fi tèmi kọ́ ọ.”

Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé mo sọ fún Adájọ́. Kò pariwo. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, “Mọ́mì, ẹ̀yin náà lẹ ń ṣe é. Ẹ kàn ń gbàgbé ni.” Ó ní òun rí mi lọ́sàn-án àná, mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, mo kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, òun pè mí, mi ò dáhùn. “Ọwọ́ yín ò tiẹ̀ gbọ̀n rárá.”

Lọ́sàn-án àná, orí bẹ́ẹ̀dì mi ni mo wà. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń pe “Mọ́mì, Mọ́mì” níta. Mo rò pé ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ẹ̀rù bà mí. Mi ò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì: kó jẹ́ èmi ni, tàbí kó má jẹ́ èmi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Èmi àti Adájọ́ ti fẹnu kò. Pàṣán náà ti tán, ó ku kókó ìdí rẹ̀ nìkan. Mo fi í sílẹ̀ láìdì, torí mi ò ní í fi kókó ewúrẹ́ parí iṣẹ́ ayé mi. Káfíńtà àdúgbò fi ìṣó kan fèrèsé ṣọ́ọ̀bù pa, ó fi àgádágodo tuntun sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Ìyá, àbí pàṣán yìí ti fẹ́ sá lọ ni?” Adájọ́ mú kọ́kọ́rọ́ lọ sí ilé rẹ̀, ó fẹ́ lọ tún yàrá yẹn ṣe dè mí. Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Tí ohunkóhun bá yí padà nínú ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo jàre. Tí ò bá yí padà, kí n palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ojú rẹ̀ pọ́n nígbà tó ń lọ. Ọmọ mi kì í ṣe ìkà. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ọ̀sán gangan. Mo fi etí lé ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Awọ ń lọ, ó ń bọ̀. Wọ́n ń fà á — á dákẹ́ díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi eyín di okùn mú kó tó tún fà á. Mo mọ ìdákẹ́ yẹn. Abẹ́ tábìlì yẹn ni mo ti ń gbọ́ ọ nígbà tí mi ò tíì lè dá rìn.

Mo ní, “Bàbá?”

Ìró náà dúró.

Mi ò tún pè é mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Òjò. Mi ò súnmọ́ ibẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Adájọ́ fi ṣí i. Àgádágodo wà bó ṣe wà. Ìṣó fèrèsé wà bó ṣe wà.

Pàṣán tuntun wà lórí tábìlì. Kókó Bàbá wà ní ìdí rẹ̀, ó pé pérépéré. Lórí ìṣó, ìdí pàṣán àtijọ́ ti tú. Okùn rẹ̀ so rọ̀ sílẹ̀, ó ká kọ́lọkọ̀lọ.

Adájọ́ fọwọ́ kan kókó tuntun náà, ó yára nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. Ó ní, “Mọ́mì, ta ló kọ́ yín ní èyí?” Mo ní kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ó gba ọwọ́ mi méjèèjì, ó yẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀tún mọ́. Abẹ́ èékánná òsì, ọ̀rá kún ibẹ̀. Mi ò tíì fọwọ́ kan ọ̀rá láti ọjọ́ Ẹtì, ó sì mọ̀ pé kò sí bí mo ṣe lè wọlé.

Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó ní kò sí ọ̀rọ̀ kíkó lọ síbì kankan mọ́. Lẹ́yìn náà ló lọ gbé báàgì rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyàwó Káfíńtà ló lọ sùn. Mo jàre ẹjọ́, adájọ́ sá lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Mi ò lè dá pàṣán baba Ẹlẹ́ṣin padà fún un ní títú. Mo mú okùn tó so rọ̀ yẹn. Awọ tó ti gbó kì í gbàgbé: gbogbo ibi tó ti tẹ̀ rí, ó ṣì tẹ̀ síbẹ̀. Mo ní kí n máa tọ̀ ọ́ lọ. Ọ̀tún gbọ̀n, ó ṣì í, ó tún ṣì í. Mo bá fi òsì mú un. Abẹ́, òkè, abẹ́, ó wọlé. Ó rọrùn débi pé mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo sunkún. Bàbá ò purọ́. Àkókò ló tó.

Ẹlẹ́ṣin dé, ó na tuntun sójú afẹ́fẹ́ nínú àgbàlá, gbogbo ẹyẹ orí òrùlé fò lọ. Ó gbé méjèèjì yẹ̀ wò lọ́wọ́. Ó ní tí kì í bá ṣe àwọ̀ wọn ni, òun ò ní í mọ èwo ni ti Bàbá. Mo ní èmi náà ò mọ̀.

Mo ti gbá ṣọ́ọ̀bù. Mo ti fọ tábìlì. Adájọ́ ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́la, ká jọ jẹun. Kó tètè wá.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ohun tí mo kọ lónìí yìí tán. Ìlà rẹ̀ tọ́. Àwọn lẹ́tà rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, wọn ò jọ tèmi. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́.

Kò gbọ̀n.