Orin tí mo bá lẹ́nu Ẹ̀gbọ́n Fúnmi

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, Ìláró

Mo lọ kí Ẹ̀gbọ́n Fúnmi ní ọsibítù lónìí. Látìgbà tí lọ́rì ti kọlù wọ́n lọ́nà Ìdí-Ìrókò, tí àwọn dókítà sì gé ẹsẹ̀ wọn kan, mi ò tíì lè lọ tẹ́lẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Orin ìyìn ni mo bá lẹ́nu wọn. Omi sì wà lójú wọn.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé inú ò bí yín sí Ọlọ́run ni?”

“Ó bí mi. Mo sọ fún un láàárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ta ni kí n tún sunkún lọ bá?”

Ìyá Rafíù, ìyá Mùsùlùmí tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, dá sí i. “Èmi ò fẹ́ jẹun mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ mi. Ìgbà tí mo gbọ́ tí àbúrò yìí ń kọrin nínú ìrora ni mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹ̀kọ.”

Wọn ò mọ̀ pé kókó wà lọ́mú èmi náà, pé ẹ̀rù ni ò jẹ́ kí n gbà kí dókítà yọ ọ́.

Bí mo ṣe délé, mo sọ fún ọkọ mi pé mo ti gbà. Wọ́n kàn dì mọ́ mi ni.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Mo ti sọ fún Ọlọ́run bẹ́ẹ̀.